Ìkómọ Lójú Ọ̀nà Llandudno

Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ oníná sáré kiri inú Cardiff nìkan, ẹ má gba ìmọ̀ràn ọkọ̀ oníná lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé e gba A470, ọ̀nà tó la àárín gbùngbùn Wales kọjá lọ sí Llandudno, òun ni kí ẹ bi. Àgùntàn tí ẹ máa rí lọ́nà yẹn ju èèyàn lọ, ibi tí èèyàn ti lè ṣáàjì ọkọ̀ sì ṣọ̀wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn.

Àbúrò mi tó ń gbé Llandudno ló bímọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, èmi àti Àǹtí wa gbéra láti Cardiff nínú Nissan Leaf mi. Àǹtí ni àgbà ẹbí tó máa kó ọmọ jáde, torí náà oyin, obì, orógbó, atare àti iyọ̀ wà nínú báàgì lórí itan wọn. Láti ilé ni wọ́n ti we gèlè, ó sì ń ha òrùlé ọkọ̀ ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun.

Òtútù January ò ṣe é fẹnu sọ. Òtútù kì í jẹ́ kí bátìrì lọ jìnnà, iná kan náà sì ni hítà ń jẹ. Mo bẹ Àǹtí pé kí wọ́n jẹ́ kí n pa hítà.

"Ṣé ìkómọ là ń lọ ṣe ni àbí òkú mi?"

Mi ò pa hítà mọ́.

Nígbà tó ku nǹkan bíi máìlì 20 lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, a yà sí ìlú kékeré kan. Ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì kíákíá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ẹnu wáyà tí wọ́n ń pè ní CCS nìkan ló ní, èyí tí wọ́n ń pè ní CHAdeMO sì ni Leaf tèmi ń lò. Iná wà, ẹnu ò bára mu. Ẹ̀rọ kejì, oníkílówáàtì 7 tó ń ṣáàjì díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan ti fi wáyà kọ́ ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ náà ti kún, a ò rí ẹni tó ni ín.

Àǹtí sọ̀kalẹ̀ tigèlè-tigèlè, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín tó wà níwájú, wọ́n sì ń bi àwọn tó ń jẹun léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi mú bàbá arúgbó kan jáde. Bàbá tọrọ gáfárà, ó gbé ọkọ̀ kúrò.

Ẹ̀rọ náà ò gba káàdì báǹkì. Òfin tó sọ káàdì di dandan fún àwọn ẹ̀rọ tuntun ní November 2024, láti kílówáàtì 8 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí tiwa ṣe rọra yọ́ bọ́! Áàpù ni wọ́n ní ká lò, nẹ́tíwọ̀kì ò sì sí, àfi lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdalẹ̀nù kan ní igun. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo na fóònù sókè títí iná ẹ̀rọ fi di àwọ̀ ewé. Àǹtí figbe ta: "Ọ́ọ̀pù NEPA!" Bàbá òyìnbó náà bá wọn pàtẹ́wọ́.

Wákàtí kan lórí irú ẹ̀rọ yẹn, nǹkan bíi máìlì 25 ló máa fúnni. Llandudno ṣì ju máìlì 80 lọ. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Àǹtí tí àbúrò mi fi pè: àlejò ti pé, pásítọ̀ sì ní ìkómọ mìíràn lọ́sàn-án.

Ni Àǹtí bá ní kí n tan fídíò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdalẹ̀nù ni wọ́n ti ṣí oyin, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ṣàdúrà. Bàbá di fóònù mú fún wa. Wọ́n fún un ní orógbó, ó gé e jẹ, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, kò tu ú.

Ó wá ku orúkọ.

"Abíọ́nà!"

Àbúrò mi ké láti Llandudno: "Àǹtí, ọsibítù la bí i sí o!"

"Ọsibítù lẹ bí i sí. Èmi tí mò ń sọ ọ́ lórúkọ, ibo ni mo wà?"

Bàbá tí orógbó kún ẹnu rẹ̀ ló ṣe àmín.