Ìtọ̀ Àyálò

Màámi kò jẹ́ kí n dé etí odò rí. Odò Ọyán kò jìnnà sílé wa, àti láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ìsédò rẹ̀ ní 1983 ni omi ti fẹ̀ bí òkun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti odò tutù wọlé nílé wa, pàṣán ni wọ́n á fi nù ún gbẹ. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló mọ̀ ọ́n wẹ̀. Inú báfù lèmi ń wẹ̀.

Prámárì karùn-ún ni mo wà nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dé lágogo mẹ́wàá àárọ̀. Nígbà tí a rí i pé wọn kò mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, àwọn tó ti fò jáde lójú fèrèsé tún padà wọlé. Ike kékeré olómorí ni wọ́n pín fún wa, wọ́n lẹ pílásítà mọ́ ọn, wọ́n sì fi bírò kọ nọ́ńbà sí i. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ sáré yí pápá ká. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹyin kòkòrò àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú ni tọ ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n ń wá, pé ọwọ́ ọ̀sán ló máa ń bá ìtọ̀ jáde jù, àti pé eré sísá máa ń mì ín jáde. Lójú tiwa, ìdíje ni. Kálukú sáré bí ẹni tí agbọ́n ń lé.

A sáré tán, wọ́n ní ká lọ tọ̀ sínú ike. Yéè! Mo ti tọ̀ sẹ́yìn kíláàsì kí wọ́n tó dé, òógùn sì ti kó ìyókù lọ. Mo dúró, mo lóṣòó, mo ṣe "ṣììì" bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe fún ọmọ ọwọ́, ẹ̀kán kan kò kán. Àánú mi ṣe Wàídì ọ̀rẹ́ mi. Tirẹ̀ kún dẹ́nu. Ó dà lára rẹ̀ sínú tèmi, rọra rọra, bí ẹni ń wọn òróró lọ́jà. Mo tilẹ̀ fún un ní gúgúrú.

Nọ́ọ̀sì ti bébà tín-ín-rín kan bọ ike mi. Bébà náà yí sí àwọ̀ ewé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ. Ṣé o máa ń wẹ̀ lódò?"

"Rárá, mà."

"Bí gbogbo yín ṣe máa ń sọ nìyẹn."

Ó mú mi dúró ti ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n fi àmì sí lára. Ibi tí orí ọmọ bá dé lára ọ̀pá ló ń sọ iye oògùn tó máa lò. Mo sì ga nígbà yẹn bí ìbẹ́pẹ. Méjì àbọ̀! Oògùn ọ̀hún funfun, ó tóbi, bó bá sì yọ́ díẹ̀ lórí ahọ́n, ewúro gan-an á júbà.

Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn òbí. Tíṣà sọ "àtọ̀sí", kó tó dé orí "ajá", Màámi ti ká ọwọ́ lérí. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ara ìgbín inú omi ni kòkòrò náà ti ń jáde, tí á wá gba awọ ara wọlé sára ẹni tó bá bọ́ sódò. Kò gbọ́ ti ìgbín. "Odò" ló gbọ́.

Mo rò ó wò. Bí mo bá jẹ́wọ́ pé ìtọ̀ Wàídì ni, hẹdímásítà á nà mí nítorí jìbìtì. Bí mo bá dákẹ́, Màámi á nà mí nítorí odò. Mo mọ bùlálà hẹdímásítà dáadáa. Mo dákẹ́.

Màámi nà mí délé. "Ta ló kọ́ ọ ní omi wíwẹ̀?" Èmi tí n kò lè léfòó nínú báfù!

Nírọ̀lẹ́, Wàídì yọ sí mi, ó fajú ro. Mo rò pé ó wá bá mi kẹ́dùn ni.

"Mo gbọ́ pé méjì àbọ̀ ni wọ́n fún ọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹyọ kan àbọ̀ ni wọ́n fún èmi. Ìtọ̀ ta ni?"