Owó Oṣù Tó Ń Rùn Pákí

Wọ́n sanwó fún àwa tíṣà ilé ìwé aládàáni wa lánàá. Àpòòwé tí wọ́n ti ń lò láti ọdún tó kọjá náà ni. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ orúkọ mi àti iye owó sára rẹ̀, nítorí a gbọ́dọ̀ dá a padà lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n lè pa iye yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ ti oṣù tó ń bọ̀ sójú kan náà. Ojú ibẹ̀ ti fẹ́ẹ́ lu. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn pákí tó ti kan ló kọ́kọ́ jáde. ₦200 àti ₦500 ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n rọ̀ bí àkísà. Mo kà á: ₦24,000. ₦25,000 ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ mo pẹ́ dé ibiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ₦500 sì ni owó ìtanràn ẹ̀ẹ̀kan.

Ohun tó mú mi pẹ́ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Láti Sábó dé ilé ìwé wa, ₦300 ni ọlọ́kadà ń gbà. Àlọ àtàbọ̀ ₦600. Tí mo bá ń gùn ún fún ọjọ́ 22, ₦13,200 ti lọ nìyẹn. Mo wá pinnu pé ẹsẹ̀ ni n ó máa fi rìn lọ láàárọ̀, kí n máa gun ọ̀kadà bọ̀ lọ́sàn-án. Mo ń sá fún ₦300, mo bọ́ sọ́wọ́ ₦500. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò o.

Èèyàn á kọ lẹ́sìn nóòtì, á máàkì ìwé ọmọ 38, á fi owó ara rẹ̀ ra máákà, á nu ikun nímú ọmọ, á sì tún dúró ti èyí tí ìyá rẹ̀ ò tètè wá mú. Bí a bá kùn, ọ̀gá á ní èrè tíṣà ń bẹ lọ́run. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ayé níbí ni lánlọ́ọ̀dù mi ń gbé. Wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ nìkan ni mo mu láàárọ̀ àná, mi ò rí ọkà kankan tó ṣáájú ẹ̀.

Rédíò ti pariwo owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí títí: ₦30,000 lọ́dún 2019, ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa tún gbé e dé ₦80,000. Aládùúgbò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ pa adìẹ, èmi náà bá wọn jẹ níbẹ̀. Òfin yẹn ò kan ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá ti pé 25. Àwa 13 ni wá, tòun ti bàbá gétì. Kò sì kan àwọn tí iye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń sanwó lé lórí, irú Ìyá Ìbejì tó ń bó pákí.

Mo rí i láàárọ̀ yìí nígbà tí mo lọ ra gààrí níbi tí wọ́n ti ń yan án lẹ́yìn ilé wa. Ó ti jókòó sáàárín pákí láti ìgbà tó ti kírun àsùbáà. Ó wé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ nítorí ọ̀bẹ. Á fi ọ̀bẹ la èèpo lẹ́ẹ̀kan, á ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ rẹ̀, á yí pákí náà, èèpo á bọ́ lódidi bí ìgbà tí èèyàn ń bọ́ ṣòkòtò fọ́mọdé. ₦400 ni agbọ̀n kan, Kẹ́hìndé sì lè jókòó sínú agbọ̀n yẹn kó má yọ orí. Márùn-ún ló ń bó lójúmọ́, mẹ́fà bí ara bá le.

Ọjọ́rú ni wọ́n lé àwọn ìbejì rẹ̀ wálé nítorí owó ilé ìwé. Èmi ni mo kọ orúkọ wọn. Tówó yẹn ò bá wọlé, owó tiwa náà ò ní pé, ọ̀gá ti sọ ọ́ tán. Mo ti fẹ́ẹ́ kórìíra ọkùnrin yẹn tán, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tó ń bẹ olówó èlé lórí fóònù. Ìyẹn ò ní kí n gbàgbé ₦1,000 mi ṣá.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Àǹtí! Ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀dọ̀ yín gan-an ni mo fẹ́ wá lálẹ́."

Ó fi ìró nu ọwọ́, ó tú kókó tó wà létí aṣọ rẹ̀, ó ka ₦3,000.

"Ẹ bá mi mú u fún ọ̀gá. Mo mọ̀ pé kò tó. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n jókòó sí kíláàsì, n ó wá ìyókù."

Mi ò lè sọ fún un pé ₦3,000 ò ní mú ọmọ kan wọlé, áḿbọ̀sì méjì. Mo ní ó dáa, mà. Ó yíjú sí ẹni tó ń wọn gààrí fún mi, ó ní kó fi èènì sí i dáadáa, tíṣà ọmọ òun ni.

Ẹ̀wù mi ò lápò. Àpòòwé yẹn ṣì wà nínú báàgì mi, inú ẹ̀ ni mo kó owó náà sí.