Ilé Mítà 504 Bàbá Mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́

Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún asítóònì, omi olóòórùn tí wọ́n fi ń nu kíútẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ bí mo ṣe gbé òkèlè sẹ́nu lálẹ́ yìí, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá mi nímú. N kò bínú sí i. Láti ọjọ́ Ajé ni èmi àti ike kan ti jọ ń fà á, ike tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Òní ló tó gbà fún mi.

Ilé mítà Peugeot 504 tí bàbá mi rà ní 1983 ni mò ń sọ. Àpótí dúdú kan ni, inú dáṣíbọọ̀dù ló sápamọ́ sí, òun ló gbé mítà eré, géèjì epo, géèjì omi àti aago dání. Ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn kì í rí i, dígí àti ọwọ́ mítà nìkan ló ń rí. Etí mẹ́rin ni síkúrúù fi ń dì í mú. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, méjì nínú etí náà ti kán. Mo rí ọ̀kan he lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, èkejì kò sí nínú ọkọ̀ mọ́ rárá. Ó tún sán láti ibi ihò tí kébù mítà (okùn irin tó ń yí mítà eré) ń gbà wọlé títí dé igun òsì.

Mo mọ ọjọ́ tó kán. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, gílóòbù ẹ̀yìn mítà jó, mo pe ríwáyà kan kó bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ó ń kánjú. Kò ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn tú kébù kó tó fa mítà síwájú, mo sì gbọ́ ìró náà: pà! Ó ní kò sí wàhálà, ó kán super glue sí i, ó dá a padà. Mo dúró tì í, n kò sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé n kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí n má ti gbogbo ẹ̀bi sí i lọ́rùn, oòrùn ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ọkọ̀ tó ti ń sùn síta ní Ìbàdàn fún ogójì ọdún, ojoojúmọ́ ni oòrùn ń gba dígí iwájú wọlé, tó ń yan dáṣíbọọ̀dù. Ike tó ṣeé tẹ̀ nígbà tó jáde nílé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná ti gbẹ dénú egungun.

Láti ìgbà náà, kòtò kékeré ni a bá bọ́ sí, gbogbo mítà á máa gbọ̀n. Bí ilé rẹ̀ ṣe wọ́ sílẹ̀, kébù náà tẹ̀. Ọkọ̀ á máa sá 60, ọwọ́ mítà á máa fò láti 40 dé 80. Ìyẹn ṣeé fara dà. Èyí tí kò ṣeé fara dà ni pé nígbà mìíràn, nọ́ńbà tó ń ka kílómítà á dúró, ọkọ̀ á sì máa lọ.

Ẹni tí kò bá mọ bàbá mi lè ní kí ni nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Olùkọ́ ni Bàbá. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí ti wọ ilé wa ló ti ń kọ ìwé epo. Gbogbo ìgbà tó bá ra epo, á kọ ọjọ́, á kọ nọ́ńbà mítà, á kọ iye lítà àti iye náírà. Ìwé náà ti di mẹ́rin. Ẹ lè fi í mọ ọdún tí wọ́n gbé e lọ kọ́ni níbòmíràn, ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi bí àbúrò wa ìkẹyìn (epo ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́rin), àti oṣù tí epo wọ́n tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Nọ́ńbà márùn-ún péré ni mítà náà ní. Ní 1996, à ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, gbogbo wa wà nínú ọkọ̀. Láti Aṣèjírè ni Bàbá ti ń ṣọ́ mítà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí á wọ Ìkìrè, ó dẹ eré, ó ní, "Ẹ na ọrùn wá síwájú, ẹ wò ó." A rí i bí 9 márààrún ṣe yí lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n di 00000. Ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó kọ "100,000, Ìkìrè", ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ ra dòdò Ìkìrè fún wa. Nígbàkigbà tí mo bá rí dòdò dúdú yẹn nínú ewé, nọ́ńbà ni mo máa ń rántí.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ fún mi ní ọjà Àrárọ̀mí, ní Agodi-Gate, pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra odindi tòkunbọ̀, ẹ sinmi," mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn gbé mítà 504 mìíràn jáde fún mi, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, dígí rẹ̀ mọ́ tónítóní. 81,206 ló wà lójú rẹ̀. Ẹlòmíràn ló rin ìrìn yẹn. Mo bi í pé ṣé mo lè ra ilé rẹ̀ nìkan kí n kó mítà tiwa sínú rẹ̀. A jọ wọn ọ́n lórí káńtà, ihò síkúrúù inú rẹ̀ kò bá mítà wa mu. 504 náà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n ń tò ó ní Kàdúná láti 1975 lọ, wọ́n a máa yí nǹkan inú rẹ̀ padà.

Ohun kan wà tí mo kíyè sí nínú ọjà náà. Ẹ bèèrè písítìnnì 504, wọ́n á bá yín rí i. Ẹ bèèrè búréèkì ṣúù, kọ́ń rọ́ọ̀dù, gásíkẹ́ẹ̀tì, ó wà. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní Paris ní 1968, tó sì ti kó wa láti ìlú dé ìlú nígbà tí kò sí èyí tó tún lè gba ọ̀nà yẹn, irin rẹ̀ kò tíì wọ́n. Ike inú rẹ̀ ni kò sí mọ́. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni yóò pa àwọn ọkọ̀ yìí lára wa. Ìdè kékeré, bọ́tìnnì, etí ike, àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ni yóò pa wọ́n. Ó yẹ kí ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tún wọn ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀, èmi náà á sì kọ tèmi.

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ tú lórí, ẹsẹ̀ odì (nẹ́gẹ́tíìfù). Mo lẹ bébà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, mo kọ nọ́ńbà sí i, mo tún fi fóònù ya fọ́tò. Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn, mo tú kébù kí n tó fa ohunkóhun. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, ìṣẹ́jú méjì tí ẹni ìjọ́sí kò ní.

Ike pọ̀ ní oríṣi, ohun tó ń mú ọ̀kan kì í mú èkejì. Mo fi òwú tí a fi ń ro etí kan asítóònì, mo fi kan ẹ̀yìn ilé mítà níbi tí ojú kò ní tó. Mo ka ení, èjì, títí dé ogún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Inú mi dùn gan-an: irú ike tí wọ́n ń pè ní ABS ni. Ká ní irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé bátìrì ọkọ̀ ni, asítóònì kò ní ràn án, n bá tún wá ọ̀nà mìíràn.

Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń ha super glue ìjọ́sí kúrò pẹ̀lú bíléèdì. Super glue kì í ṣe ohun burúkú, ṣùgbọ́n tó bá gbẹ tán, ó le gbagidi, kò sì fẹ́ gbígbọ̀n, inú ọkọ̀ sì ni gbígbọ̀n ń gbé. Ooru rẹ̀ náà máa ń fi funfun bí èéfín sára dígí, igun dígí mítà wa ṣì ní in. Asítóònì kì í di ojú méjì mọ́ra lásán. Ó ń yọ́ méjèèjì pa pọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ bá fò lọ tán, ike kan ṣoṣo ni yóò kù níbẹ̀.

Mo mú kíbọọ̀dù kọ̀ǹpútà kan tó ti bàjẹ́, mo dán ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ABS ni òun náà. Mo gé díẹ̀ lára rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí èso ẹ̀wà, mo dà á sínú ìgò jáàmù (ìgò ni o, ife ike fúyẹ́fúyẹ́ lè yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́), mo bu asítóònì lé e, mo dé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ki bí oyin.

Kí n tó dí ibi tó sán, mo lu ihò tíntín, mílímítà méjì, sí ibi tí sísán náà parí sí. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò máa sán lọ lábẹ́ ohun tí ẹ fi dí i. Lẹ́yìn náà, mo gé wáyà kọ́pà kéékèèké, mo tò wọ́n dábùú rẹ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó òjé tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi rì sínú ike. Gbogbo fèrèsé ni mo ṣí, torí èéfín rẹ̀ kò dáa fún àyà. Bí mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà tó tọ́ mi ló wá sí mi lọ́kàn. Bí igbá bá sán lọ́wọ́ wọn, wọn kì í dà á nù. Wọ́n á lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n á fi okùn rán an, igbá náà á sì tún bu omi fún ọdún púpọ̀. Ojú ìrán yẹn gan-an ló wà lẹ́yìn ilé mítà yìí báyìí.

Etí tó sọnù ló gba sùúrù jù. Mo fi ayùn kékeré gé tuntun lára ẹ̀yìn kíbọọ̀dù, mo fi fáìlì rá a títí ó fi jọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì, mo fi ike yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́rú ni ìyẹn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo gbé e wò nínú ọkọ̀, ihò rẹ̀ fi díẹ̀ sí òkè ju ihò síkúrúù lọ. Mo lè fipá mú un, yóò wọlé, ṣùgbọ́n yóò máa fa ike náà lójoojúmọ́ títí yóò fi kán. Mo gé e kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ́kọ́ de síkúrúù mọ́ etí tuntun nínú ọkọ̀ níbẹ̀, mo wá mú ilé mítà bá a. Ike yíyọ́ náà máa ń sún kì bí asítóònì ṣe ń fò lọ, nítorí náà mo lé e ní ìpele mẹ́ta, mo jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí n tó lé òmíràn.

Láàárọ̀ yìí, mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ roboto mẹ́rin, mo fi sábẹ́ síkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí irin má baà jẹ ike. Mo fa okùn inú kébù jáde, mo nù ún, mo fi gírísì díẹ̀ pa á, ṣùgbọ́n n kò pa ti apá òkè tó wọnú mítà, torí gírísì máa ń gun òkè lọ ba inú mítà jẹ́. Mo de gbogbo rẹ̀ padà. Àtàǹpàkò àti ìka kan ni mo fi yí síkúrúù ìkẹyìn.

Mo wakọ̀ láti Bódìjà lọ sí Òjòó, mo sì padà. Ní iwájú Yunifásítì, níbi tí ọ̀nà ti dán díẹ̀, ọwọ́ mítà dúró lórí 60 láìmì. Mo pa rédíò kí n lè gbọ́. Kò sí ohun tó ń gbọ̀n. Nọ́ńbà ìkẹyìn ń yí lọ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá wà lórí àga wọn ní fàráńdà nígbà tí mo dé. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 82, ojú wọn kò tó ìwé kékeré mọ́, ṣùgbọ́n ìwé epo kẹrin wà lórí itan wọn.

"Àkànní, mélòó ló kà?"

"63,432 ni, Bàbá."

"Nígbà tó o jáde ńkọ́?"

"63,418."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, ètè wọn ń mì. "Mẹ́rìnlá. Òjòó lo lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n na ìwé náà sí mi pẹ̀lú báírò, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má gbàgbé láti kọ pé n kò ra epo.