Orúkọ Ìdílé Nìkan Kò Tó Ẹ̀rí: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Wíwá Ìran Àwọn Ará Ààlà Skọ́tíláǹdì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìwádìí ìran, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn wá baba ńlá wọn nínú ìwé àtijọ́ ní gúúsù Skọ́tíláǹdì, níbi tí ilẹ̀ náà ti bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààlà. Ọmọ Yorùbá tó ń wá ìran òyìnbó lè dà bí ẹni tó fi ojúde ara rẹ̀ sílẹ̀ tó ń gbá ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n Edinburgh ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, òun ni mo sì fi ń jẹun. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń jẹ́ Armstrong, Elliot, Scott, Kerr, Nixon, Graham tàbí Johnstone. Kánádà, Amẹ́ríkà tàbí Ọsirélíà ni wọ́n ti ń wá, ọ̀pọ̀ wọn sì ti mú ìdáhùn dání kí wọ́n tó béèrè ìbéèrè. Wọ́n ti gbọ́ pé ọba James Karùn-ún yẹgi fún Johnnie Armstrong ará Gilnockie, olórí àwọn ẹlẹ́ṣin ajínimálùú kan ní ààlà, ní Carlanrig lọ́dún 1530, tàbí pé Scott ará Buccleuch lọ já Kinmont Willie, Armstrong mìíràn, gbà lóru nínú ilé olódi Carlisle ní oṣù kẹrin ọdún 1596, wọ́n sì fẹ́ kí n bá wọn wá ìwé tí yóò fi wọ́n ṣe ọmọ irú akọni bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti gbìyànjú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì mí.

Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan láti Kánádà gbé ọ̀rọ̀ William Armstrong wá fún mi, àgbẹ̀ kan tó kú ní páríìṣì Canonbie, ìyẹn agbègbè tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mo wo ìwé ìrìbọmi, mo rí William ọmọ John, ọjọ́ orí rẹ̀ bá a mu, ni mo bá mú un. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi to ìran lé ọmọ yìí lórí kí n tó sanwó ìwé ikú William, nítorí mo rò pé ìwé ikú kò lè sọ ohunkóhun fún mi ju ọjọ́ tí ènìyàn kú lọ. Nixon ni ìwé náà pe ìyá rẹ̀. Elliot ni ìyá ọmọ tí mo ti mú. Nígbà tí mo padà fara balẹ̀ ka ìwé páríìṣì náà pẹ̀lú ti èyí tó múlé tì í, William Armstrong mẹ́rin ni wọ́n rì bọmi láàárín ọdún mẹ́fà, John sì ni baba méjì nínú wọn ń jẹ́.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1855 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní Skọ́tíláǹdì, ìwé ikú níbẹ̀ ń dárúkọ baba àti ìyá òkú, ó sì ń kọ orúkọ tí ìyá náà ń jẹ́ nílé baba rẹ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1837, kì í dárúkọ òbí àgbàlagbà tó kú, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ní apá gúúsù ààlà kì í ka ìwé ikú sí. Ní Skọ́tíláǹdì, ẹ máa kọ́kọ́ sanwó fún ìwé ikú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹni tó wá ròyìn ikú: bí ó bá jẹ́ àna tí kò fojú kan ìyá olóògbé rí, ohun tó gbọ́ ló sọ, ó sì lè ṣì í gbọ́. Bí oríire bá ṣe yín tí ẹni tí ẹ ń wá bá bí ọmọ nínú ọdún 1855 gan-an, ẹ dúpẹ́, nítorí ọdún yẹn nìkan ni wọ́n béèrè ibi tí wọ́n bí àwọn òbí àti iye ọmọ tí wọ́n ti bí ṣáájú. Iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún àwọn akọ̀wé, wọ́n sì dín in kù lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ní ti ìwé ìkànìyàn, èyí tó wúlò bẹ̀rẹ̀ láti 1841, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn tán ọjọ́ orí inú rẹ̀, torí wọ́n gé ti ẹni tó bá ju ọdún 15 lọ sísàlẹ̀ dé iye tí 5 lè pín. Ti 1851 ló kọ́kọ́ sọ páríìṣì tí wọ́n ti bí ènìyàn.

Ohun tó gba ọkàn mi jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni ìnagijẹ. Ní àfonífojì Liddesdale ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń pè ní reiver ń kó màlúù ara wọn lóru láti ẹ̀gbẹ́ kan ààlà dé èkejì, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ débi pé àwọn aláṣẹ ààlà kò lè fi orúkọ nìkan mú ọ̀daràn. Nítorí náà ni ìwé wọn fi kún fún Will Nixon Aláìníka, Clem Aláìnímú àti Will Armstrong Oníbi. Ẹni tó bá ti gbé ní agboolé tí Àkànní mẹ́ta wà mọ bí ó ṣe rí. Àwọn ìnagijẹ mìíràn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá: Kinmont ni ibi tí Willie ń gbé, Jock tí wọ́n sì pè ní ti Sim, Sim ni baba rẹ̀. Baba ẹni tàbí ilé rẹ̀ wà nínú ìnagijẹ náà, ẹni tó bá sì fò ó kọjá kí ó lè tètè dé orí orúkọ ìdílé ti sọ ẹ̀rí tó dára jù nínú ìwé náà nù.

Nígbà tí ìnagijẹ kásẹ̀ nílẹ̀, orúkọ oko ló gba ipò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín orúkọ ènìyàn àti orúkọ oko. Nínú ìwé Skọ́tíláǹdì àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá kọ “of” síwájú oko rẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà. Ẹni tí wọ́n bá kọ “in” fún, ayálégbé ni. Mo ti rí ìwé ìran olówó gọbọi tó sọ ayálégbé di ìjòyè nítorí pé ẹni tó dà á kọ rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Ẹ má sì dúró sí páríìṣì kan. Ọdọọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ oko ààlà máa ń bá olóko ṣe àdéhùn, bí àdéhùn bá sì parí nínú oṣù karùn-ún, wọn a di ẹrù lé kẹ̀kẹ́, wọn a kó lọ sí oko mìíràn, èyí tó fi lè jẹ́ pé páríìṣì mẹ́ta ni wọ́n ti rì ọmọ ìyá mẹ́ta bọmi. Àwọn mìíràn kò sí nínú ìwé rárá: láti 1733 ni àwọn kan ti ń yapa kúrò nínú ìjọ àpapọ̀ Skọ́tíláǹdì, nígbà tó sì di 1783 sí 1794, ìjọba ń gba owó orí pẹ́ńsì mẹ́ta lórí ìrìbọmi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, owó tí tálákà olóko kì í fẹ́ san. Bí ẹ kò bá rí ọmọ, kò túmọ̀ sí pé wọn kò bí i.

Ààlà náà tún ní ọ̀ràn kàlẹ́ńdà. Láti 1600 ni Skọ́tíláǹdì ti ń bẹ̀rẹ̀ ọdún ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ṣùgbọ́n títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti fẹ́ pe ọmọ kan ní ọmọ àlè nígbà kan, nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó ní oṣù karùn-ún 1720 ní apá Skọ́tíláǹdì, tí wọ́n sì rì í bọmi ní Cumberland, ní apá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kejì ọdún 1720. Oṣù kejì tiwọn yẹn, 1721 ni lójú Skọ́tíláǹdì. Oṣù mẹ́sàn-án pé pérépéré.

Kí ìwé páríìṣì tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó kù ni ìwé ilẹ̀, ìwé ẹjọ́ àti lẹ́tà àwọn aláṣẹ, àwọn tó ní ohun ìní tàbí tó jalè ni wọ́n sì mọ̀. Lẹ́yìn tí James Kẹfà, ọba Skọ́tíláǹdì, gun orí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1603, ó fọ́ agbára àwọn ìdílé reiver. Wọ́n yẹgi fún àwọn kan, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn Graham lọ sí Roscommon ní Ireland lọ́dún 1606, àwọn Armstrong, Elliot àti Johnstone sì pọ̀ ní Fermanagh títí di òní. Ẹni tí ìran rẹ̀ bá gba Ireland kọjá yóò tún bá iná ọdún 1922 pàdé, èyí tó jó ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Dublin pẹ̀lú púpọ̀ nínú ìwé ìjọ tó wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò DNA tó ń tọ ọ̀nà baba sí ọmọkùnrin lè fi hàn pé Armstrong méjì jọ ní baba ńlá kan, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ baba ńlá náà. Ó tún lè fi hàn pé wọn kò tan rárá, torí ẹni tó ń gbé lábẹ́ ààbò ìdílé alágbára lè gba orúkọ wọn. Àmì ìdílé tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò lórí ife ńkọ́? Lábẹ́ òfin Skọ́tíláǹdì, ẹnì kan ṣoṣo ni àmì oyè jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo tún iṣẹ́ bàbá ará Kánádà náà ṣe, mo gbé ìran rẹ̀ dé 1741, dé ọ̀dọ̀ ayálégbé kan tí wọ́n kọ “in” síwájú oko rẹ̀. Lókè rẹ̀, mo fi ojú ìwé sílẹ̀ lófìfo, mo sì dá ìlàjì owó mi padà fún oṣù mẹ́jọ tí mo fi ṣòfò. Bàbá náà bi mí bóyá kò sí ọ̀nà kankan láti dé Gilnockie láti ibẹ̀. Mo ní kò sí. Ó ní kí n fi oko náà hàn òun, a sì wakọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àgùntàn ló kún un.