Fáìlì wo lo ṣí níbẹ̀?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ fún mi létí díẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan nínú yín má pè mí pé òun ń gbé kọ̀ǹpútà oníbàárà lọ sí Windows 11. Ó dára bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni, owó sì wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín tí mo fẹ́ràn gan-an pè mí tayọ̀tayọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti parí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Backup wọn náà ti ń lọ, kò mú error kankan wá." Ẹ̀dà fáìlì tí à ń kó pamọ́ síbòmíràn la ń pè ní backup. Mo bi í pé, "Fáìlì wo lo ṣí níbẹ̀?" Ó dákẹ́.

Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Èmi náà ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí níwájú ọ̀gá mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ̀kọ́ kìíní: bí Windows bá ti yí padà, ẹ má gbà pé backup àtijọ́ ṣì mọ̀nà. External, ìyẹn hard disk tí à ń so mọ́ ẹ̀rọ láti ìta, tó ń jẹ́ E lè di F, iṣẹ́ tó wà nínú Task Scheduler (ohun inú Windows tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a bá dá fún un) á wá máa kan ilẹ̀kùn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Password tí iṣẹ́ náà fi ń wọlé lè ti yí padà. Tó bá jẹ́ NAS, ìyẹn àpótí hard disk tí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì jọ ń lò lórí network, lẹ ń lò, ẹ ṣọ́ra sí i. Láti Windows 10 ẹ̀dà 1709 tó jáde lọ́dún 2017 ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń gba fáìlì lórí network, kúrò; kì í bá Windows 11 wá mọ́ tí ẹ bá fi tuntun sí i. Windows 11 Pro ẹ̀dà 24H2 tún le ju ìyẹn lọ: dandan ni SMB signing (àmì tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò yí ohun tí ẹ̀rọ méjì ń fi ránṣẹ́ síra wọn padà), kò sì gbà kí èèyàn wọ NAS bí àlejò tí kò ní password. Ẹ má ṣe lọ pa ààbò yẹn nítorí kí ẹ lè tètè relé. Ẹ dá username àti password gidi sílẹ̀ lórí NAS náà, kí ẹ sì fi software rẹ̀ tuntun sí i.

Ẹ̀kọ́ kejì: Windows.old, fódà tí Windows tuntun ń kó Windows àtijọ́ sí, kì í ṣe backup. Ọjọ́ 10 péré ni Windows fún yín láti padà sẹ́yìn, lẹ́yìn ìyẹn á gbá a dànù fúnra rẹ̀. Bí BitLocker tó ń ti hard disk pa bá wà lórí ẹ̀rọ náà, ẹ kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà onídíjíìtì 48 tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ tú.

Ẹ̀kọ́ kẹta: kí ẹ mọ ibi tí fáìlì ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Èyí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Oṣù Kìíní ọdún 2020 ni. Ọjọ́ 14 oṣù náà ni àtìlẹ́yìn Windows 7 dópin. Ilé iṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kan n'Ìbàdàn ni mo wà, èmi nìkan ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Kọ̀ǹpútà kan ló gbé gbogbo plan tí wọ́n ti yà láti ọdún 2011: fáìlì AutoCAD tí wọ́n fi ń yàwòrán, coordinate gbogbo beacon (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí òpó ààlà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà), lẹ́tà oníbàárà. Windows 7 oní-32-bit ló wà lórí rẹ̀, irú èyí tí kò lè lo RAM tó ju 4 GB lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá sì ti ra 8 GB. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn kì í gba orí 32-bit bọ́ sí 64-bit. Àfi kí n fọ́máàtì.

Mi ò kánjú rárá. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí external 1 TB, mo ka fódà, iye rẹ̀ pé. Robocopy, àṣẹ inú Windows tó ń da fáìlì kọ, ni mo ń lò, pẹ̀lú /MIR, torí ó yá. Iṣẹ́ /MIR ni pé kó sọ ibi tí à ń kó nǹkan lọ di ọgbọọgba pẹ̀lú ibi tí à ń kó o bọ̀. Ohun tó wà níbí tí kò sí lọ́hùn-ún, á kó o lọ. Ohun tó wà lọ́hùn-ún tí kò sí níbí, á pa á rẹ́. Aago kan ọ̀sán ló máa ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, torí a kì í tan jẹnẹrétọ̀ kó tó di aago mẹ́wàá, a sì máa ń pa á ní aago mẹ́rin.

Tó fi máa di aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ náà, Windows 10 ti jókòó dáadáa. Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà létòlétò. Mo dá àwọn fódà sílẹ̀ lórúkọ tí wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣófo, kí n lè máa kó fáìlì sínú wọn. Mo tún dá iṣẹ́ backup padà sínú Task Scheduler kí n má baà gbàgbé. External ṣì wà lára ẹ̀rọ. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì padà báyìí ni akọ̀wé ní kí n wá wo printer òun. Printer yẹn gbà mí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.

Ìgbà tí mo padà dé, aago kan ti kọjá. Mo ṣí external. Fódà wà níbẹ̀, inú gbogbo wọn ṣófo.

Mo yọ ọ́, mo tún un kì bọ ẹ̀rọ. Bákan náà. Mo ṣí log, ibi tí ẹ̀rọ ń kọ ohun tó ṣe sí. Robocopy ti jáde pẹ̀lú nọ́ńbà 2. Bẹ́ẹ̀ ní robocopy, nọ́ńbà tí kò bá tó 8 kì í ṣe àṣìṣe; 2 ń sọ pé nǹkan wà lọ́hùn-ún tí kò sí níbí. Script mi, àkójọ àṣẹ tí mo kọ fún ẹ̀rọ, rí 2, ó kọ "backup succeeded" sílẹ̀. Kò purọ́. Iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ló burú jù. Fáìlì tí a pa rẹ́ lórí hard disk kì í kúrò lójú ẹsẹ̀; Windows kàn ń ka àyè rẹ̀ sí àyè òfìfo ni. Ká ní mo yọ external yẹn, tí mo lọ yá òmíràn, ó ṣeé ṣe kí n rí èyí tó pọ̀ jù gbà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo wá software tó ń gba fáìlì padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn. Ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kan hard disk inú kọ̀ǹpútà, torí mo rò pé ohun àtijọ́ lè ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ni mo bá ní kó máa kó ohun tó bá rí sórí external kan náà. Bó ṣe ń yọ plan kan jáde, orí plan mìíràn ló ń kọ ọ́ lé. Ìgbà tó máa fi yé mi, púpọ̀ nínú plan ọdún 2014 sí 2017 kò ṣí mọ́.

Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ti sọ fún ọ̀gá lọ́dún 2019 pé ká ra external kejì, ká máa gbé e sílé. Ó ní owó kò sí. Ọdún yẹn náà ló pààrọ̀ mọ́tò. Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, ó bú mi níwájú gbogbo ọ́fíìsì, ó sì yọ ìdajì owó oṣù mi fún oṣù mẹ́ta. Mo jẹ̀bi, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí dòní pé kò sí ẹni tó mẹ́nu ba external kejì lọ́jọ́ yẹn, títí kan ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Gbogbo Sátidé ni mo fi ń lọ jókòó síbẹ̀, yàtọ̀ sí ìgbà tí kòrónà sé wa mọ́lé, tí mò ń tẹ coordinate padà láti inú plan orí ìwé. Ìyá kan tó ń yàwòrán níbẹ̀ ló ń ka nọ́ńbà fún mi, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Oṣù Kẹsàn-án la parí. Àwọn mìíràn kò sì ní ìwé. Opó kan wá láti Mọ́níyà pé òun fẹ́ gba plan ilẹ̀ tí ọkọ òun rà lọ́dún 2015. Àfi ìgbà tí wọ́n lọ tún ilẹ̀ náà wọ̀n. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé inú ẹ̀rọ yín kọ́ lẹ ní ó wà?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ fún un.

Ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹ tó fọ́máàtì, ẹ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ọ́fíìsì náà. Kí fáìlì padà wọlé ná, kí ẹ tó dá iṣẹ́ backup padà. Ní gbogbo ìgbà tí external kò bá níṣẹ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi /L kún robocopy nígbà àkọ́kọ́, á ka ohun tó fẹ́ ṣe fún yín láìṣe é. Ẹ kọ ọ́ sínú script pé bí fáìlì ibi tí à ń kó bọ̀ bá kéré sí iye kan, kó dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fáìlì mẹ́ta jáde láti inú backup sí fódà mìíràn: ọ̀kan tó ti pẹ́, ọ̀kan tọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀kan tó tóbi. Ẹ ṣí wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni iṣẹ́ náà wò wọ́n pẹ̀lú yín.

Àbúrò mi yẹn pè mí padà lọ́jọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó ń kó nǹkan dé NAS. Fáìlì tó tuntun jù níbẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ tó ṣáájú kó tó gbé wọn lọ sí 24H2. Task Scheduler sì ń kọ 0x0, ìyẹn pé kò sí àṣìṣe, lójoojúmọ́, torí exit 0 ni ìlà tó gbẹ̀yìn nínú script rẹ̀, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ti dá password sílẹ̀ lórí NAS, ó sì ti tún script kọ. Mo ní kó má fi log ránṣẹ́ sí mi, kó ya fọ́tò fáìlì tó ṣí lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ti dé. Mò ń retí méjì tó kù.