Ọdún tí a gba kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ kòkó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà tí ìwé ṣì wà nínú páálí ní pálọ̀ mi mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni mo fi ọdún yìí ṣe. Bí ẹ bá ní kí ni mo ṣe ní oṣù kejì, ilé tá a ó fi ṣe láíbìrì ará ìlú ni mo ń wá. Oṣù kẹsàn-án ńkọ́? Páànù la ń kàn. Àwọn oṣù tó kù, ẹ bi àwọn ará ilé mi.

Ilé àkọ́kọ́ tá a rí ní Moníyà wù mí gidigidi: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gbọ̀ngàn ńlá lókè, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Káfíńtà wa gun òkè, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ má kó ìwé gun orí pákó yìí o." Pẹpẹ tó gùn ní mítà kan, bí ìwé bá kún un, ó lè wúwo tó 30 kílò. Ẹ wá to márùn-ún lé ara wọn, kẹ́ ẹ sì to irú rẹ̀ yí gbogbo yàrá ká. Àjà tí wọ́n ṣe fún bẹ́ẹ̀dì àti àga kò lè gbà á. Ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà ibùdókọ̀ rélùwéè la tún rí. Owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, owó ejẹ́ǹtì lọ́tọ̀. A kí wọn, a bá tiwa lọ.

Bàbá Tíṣà ló rántí sítọ́ọ̀ kòkó ẹ̀yìn ọjà, tí gbogbo wa ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́. Láyé ìgbà tí bọ́ọ̀dù ìjọba ń ra kòkó, àpò ni wọ́n ń tò síbẹ̀ kan òrùlé, àpò kan sì ju 60 kílò lọ. Nígbà tí ìjọba fòpin sí àwọn bọ́ọ̀dù yẹn lọ́dún 1986, ilé ṣófo, ewúrẹ́ gbà á. Bàbá ní, "Ilẹ̀ tó gbé kòkó, ṣé ìwé ni kò ní í gbé?" A lọ wò ó. Símẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ nípọn, wọ́n gbé e ga kúrò nílẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà wọlé, wọ́n sì dá ihò atẹ́gùn sábẹ́ òrùlé, torí kòkó tí ọ̀rinrin bá mú á bu. Ìwé náà á bu. Gbogbo ohun tí à bá béèrè fún ìwé, kòkó ti bá wa béèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilé ẹbí ni, ẹ̀yin ará Ìbàdàn sì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Mọ́gàjí, olórí ẹbí, gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ka mẹ́rin ló ni ilé, ọ̀kan wà ní Èkó tí kì í gbé fóònù. Ìpàdé mẹ́ta la ṣe. Ní gbogbo rẹ̀, Bàbá Tíṣà á dìde, wọ́n á ní Ìbàdàn yìí kan náà ni UNESCO ti pe àpérò lọ́dún 1953 lórí bí láíbìrì ará ìlú yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Kí ló wá dé tí ọmọ Moníyà á fi wọ mọ́tò dé ìgboro kó tó rí ìwé yá? Ní ìpàdé kẹta, ìyá àgbà kan ní àwọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwọn ṣa kòkó nínú ilé náà nígbà ọmọge, àwọn ò sì fẹ́ kó wó lójú àwọn. Ọ̀rọ̀ tán. Ọdún mẹ́wàá, owó táṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, àwa la ó tún un ṣe. Mo sunkún délé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

A kò kan ògiri ìwọ̀ oòrùn, torí oòrùn ọ̀sán á mú kí ojú ìwé pọ́n, kó gan. Àríwá àti gúúsù la fi fèrèsé sí kí atẹ́gùn lè gba inú ilé já. Ikán ló náni lówó jù: a da oògùn sí ìpìlẹ̀ yíká, a fi irin ṣe ẹsẹ̀ pẹpẹ, a sì fà wọ́n kúrò lára ògiri ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ká lè máa yẹ ẹ̀yìn wọn wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn iwájú, a da símẹ́ńtì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ní oṣù keje, Bàbá Tíṣà wá wo fèrèsé àríwá. Wọ́n ní ó ti ga jù fún ọmọdé. A ní a ó sọ ọ́ kalẹ̀. Wọn ò padà wá wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá síbi ìsìnkú rí mi. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀. Bàbá máa ń sọ pé bí àwọn bá kú, ká sin àwọn sábẹ́ 896.333, níbi tí lítíréṣọ̀ Yorùbá ń jókòó sí nínú ètò Dewey, nọ́ńbà tí láíbìrì fi ń to ìwé, kí àwọn lè máa pariwo mọ́ ẹni tó bá to ìwé síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi lẹ nọ́ńbà pẹpẹ yẹn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́gàjí, lọ́wọ́ ìyá àgbà, lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi owó àti ìwé ránṣẹ́. Sólà ti wà lókè, bátìrì ló kù. Sílíǹ kò tíì délẹ̀; bí òjò bá rọ̀ sórí páànù, èèyàn ò ní í gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó ṣílẹ̀kùn ní oṣù kìíní.

Òórùn kòkó ṣì wà nínú ilé. Lánàá, mo jókòó sórí àga àwọn ọmọdé nídìí fèrèsé àríwá. Mo rí ọjà, mo rí ìyá ẹlẹ́kọ, mo rí ojú ọ̀nà dé ìkóríta.