Port Baikal, Ìlú Tí Ojú Irin Fi Sílẹ̀

Etí adágún Baikal, ní Siberia ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ìlú kékeré yìí wà, níbi tí odò Angara ti ń ṣàn jáde. Nígbà tí wọ́n ń la ojú irin lọ sí ìlà-oòrùn, adágún náà dí wọn lọ́nà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé láti ọdún 1900, ọkọ̀ omi ńlá kan tí ń fọ́ yìnyín, èyí tí wọ́n kàn ní Newcastle tí wọ́n sì tún tú kó lọ síbẹ̀ ní wẹ́wẹ́, ni ó ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni ìgbà ògo Port Baikal. Nígbà òtútù ọdún 1904, tí ogun Japan dé, orí yìnyín ni wọ́n tẹ́ irin sí, tí ẹṣin sì ń fa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n parí ojú irin etí adágún, tí ó gba inú ihò òkè tó lé ní 30 kọjá.

Nígbà tó di ọdún 1949, wọ́n ti la ojú irin mìíràn gba orí òkè. Ní ọdún 1956, omi ìsédò tí wọ́n kọ́ sórí odò Angara ní ìlú Irkutsk bo ojú irin tó wá láti Irkutsk gba etí odò náà mọ́lẹ̀, Port Baikal sì di òpin ọ̀nà. Òpó tí wọ́n fi ń ka kìlómítà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó lé ní 70, nítorí pé láti Irkutsk ni wọ́n ti ń kà á. Ìsàlẹ̀ omi ni ọ̀nà tí àwọn kìlómítà ìṣáájú gbà kọjá wà.